Eyín Tí Kò Ṣẹ̀

Ìda ni mo ń yọ́ lórí iná kékeré, láti fi mọ ayédèrú eyín tí yóò rọ́pò ojúlówó tó ṣì fìdí múlẹ̀ lẹ́nu obìnrin olùkọ́ kan tí a ń pè ní Tíṣà. N kò lè fi òtítọ́ pamọ́ mọ́: èmi ni mo ba ẹnu Tíṣà jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́. Kí n tó ṣe ìbòrí irin fún eyín rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, irin tí wọ́n ń pè ní níkẹ́lì ò bá ara mi mu. Tí mo bá wọ yẹtí ọ̀pọ̀, etí mi á wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi." Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Irin mìíràn, kóbáàtì, la ó fi ṣe tiyín." Mo fi ìda mọ ọ́n, mo rì í sínú amọ̀ funfun, mo fi iná lé ìda jáde, mo da kóbáàtì yíyọ́ sí ihò rẹ̀. Nígbà tí mo fọ́ amọ̀, etí ìbòrí náà ti ya. Èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé iṣẹ́ mi kì í ní àtúnṣe! Dókítà eyín tí mo ń bá ṣiṣẹ́ sì ń pariwo láti ẹ̀yìn ògiri: "Alágbẹ̀dẹ Eyín, ṣé ó ti jiná?" Kóbáàtì le, ó ń dá ni lápá. Níkẹ́lì ń yọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí a bá sì dán an tán, ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀. Níkẹ́lì ni mo dà. Ìgbéraga ni, kì í ṣe àìmọ̀kan.

Lẹ́yìn tí wọ́n fi ìbòrí náà dé eyín Tíṣà, èrìgì rẹ̀ wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Dókítà pè mí síwájú rẹ̀. "Irin wo lo fi ṣe é?" "Kóbáàtì ni, sà." Áà, ẹnu mi yìí! Ó yíjú sí Tíṣà: "Á jẹ́ pé ẹ kì í fọ eyín dáadáa nìyẹn, mà." "Èmi kẹ̀? Mo ń fọ̀ ọ́ títí apá fi ń ro mí!" Omi lé ròrò sójú rẹ̀, mo sì jẹ́ kí ó ru ẹ̀bi mi. Dókítà ní àfi kí òun yọ eyín náà tòun ti gbòǹgbò, kí n lọ mọ òmíràn.

Ìdí ìda yẹn ni mo wà tí mo gbọ́ tí ẹ̀mú tí Dókítà fi ń yọ eyín dún nínú àwo. Mo ju ìda nù, mo já wọlé. "Dókítà, ẹ dúró! Níkẹ́lì ni. Irọ́ ni mo pa." Tíṣà kàn wò mí. "Bọ̀dá, mo mà sọ fún yín." Kò pariwo, ó sì dùn mí ju ìgbájú lọ.

Kóbáàtì ni mo padà dà. Ó tún ya létí, mo tún un dà, mo dán an títí apá mi fi kú. Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ tó bá bàjẹ́, ẹ fi í han ọ̀gá yín. Wíwú èrìgì Tíṣà ti lọ, eyín rẹ̀ sì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Dókítà ti gba iléru lọ́wọ́ mi, amọ̀ ni mo ń pò báyìí. Nígbà tí Tíṣà wá fún àyẹ̀wò, mo tọrọ àforíjì. Ó pa eyín pọ̀, ó wo dígí. "Eyín yìí dára, Bọ̀dá. Ẹni tó ṣe é ni mo ṣì ń wò."