Ní Bódìjà, Dírẹ́bà Ni Wọ́n Mọ̀ Mí Sí

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Sátidé tó ń bọ̀, Títí, ọmọ mi kan ṣoṣo, máa parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bódìjà. Òun ló ṣe ipò kìíní, wọ́n sì ní kí bàbá rẹ̀ wá bá a gba ẹ̀bùn. Ìṣòro wo ló wá wà níbẹ̀? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nílé-ìwé yẹn, èmi kọ́ ni bàbá rẹ̀. Èmi ni dírẹ́bà.

Mẹkáníìkì ni mí ní Mọ́kọ́lá. Nígbà kan, bí mo bá la ẹnu báyìí, ẹ̀rín ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí ẹ̀fẹ̀ yẹn. Ilé-ìwé ìjọba ní Àgbowó ni Títí kọ́kọ́ lọ. Ọ̀fẹ́ ni, n kò ní purọ́. Àpótí ìjókòó ló ń gbé lórí láràárọ̀, òjò á lé wọn kúrò ní kíláàsì, àwọn tíṣà á sì daṣẹ́ sílẹ̀ torí ìjọba kò san owó oṣù. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọmọ mi kò lè ka orúkọ ara rẹ̀. Mo ní ó di ilé-ìwé aládàáni ní Bódìjà.

Àṣé ní Bódìjà, wọn kì í dán ọmọ nìkan wò. Bàbá náà máa jókòó ṣe ìdánwò, lédè òyìnbó! Ṣé bàbá ló fẹ́ wọ kíláàsì ni? Èmi tí òyìnbó mi kò kọjá púlọ́ọ̀gì àti gáskẹ́ẹ̀tì! Ni mo bá lọ yá bàbá. Kúnlé, ayálégbé kan nílé wa tó ń kàwé ní yunifásítì, tí irùngbọ̀n rẹ̀ sì kún dáadáa, ló wọ kóòtù lọ. Tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi dé: "Ẹ̀gbọ́n, a ti yege o! Wọ́n ní ó hàn pé ilé ire ni ọmọ wa ti wá."

Ọmọ wa!

Mo wá kọ́ Títí fúnra mi pé tó bá ti dé ibẹ̀, Bùọ̀dá Kúnlé ni dádì. Ọmọ náà gbọ́n, fún ọdún mẹ́rin kò ṣì í sọ lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mò ń fi ògbólógbòó mọ́tò mi gbé e lọ, gbé e bọ̀, ẹ̀yìn ló sì máa ń jókòó sí. Mégáàdì wọn á ní, "Dírẹ́bà, ọ̀gá yín mà le o, wọn kì í wá mú ọmọ wọn." Mo máa ń ní ọ̀gá mi kò ráyè ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ Títí bi í pé ta ni mí. Òyìnbó ló fi dá a lóhùn pé dírẹ́bà àwọn ni mí. Mo gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ní géètì, èmi náà ti kọ́ díẹ̀.

Tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n lè ní èrú la fi wọlé, kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọmọ. Tí mo bá dákẹ́, Kúnlé ló máa bá a gba ẹ̀bùn. Ó ti gbé kóòtù fún alágbàfọ̀. Ta ló ṣe ilé-ìwé báyìí, tí ọpọlọ ọmọ nìkan kò fi tó?

Lánàá ni Títí kúnlẹ̀ síwájú mi: "Bàbá mi, ní Sátidé, ṣé inú gbọ̀ngàn lẹ máa jókòó sí ni, àbí inú mọ́tò?"

Mo ní kó jẹ́ kí n ronú. Ẹ̀yin òbí, ibo ni kí n jókòó sí?