Ọwọ́ Tó Gbẹ́ Ojú Gìtá Náà

Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò jókòó, ẹ má fa àga kankan fún mi, ẹni tí wọ́n bọ́ṣọ lára rẹ̀ lójú ọjà kì í wá àga, aṣọ ló ń wá! Ọjọ́ kẹta rèé tí mi ò lè gba iwájú ilé-ẹ̀kọ́ orin kọjá, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù bí olè, èmi tí mo ti ń ṣe gìtá láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú, gìtá àfọwọ́ṣe, láti pákó dé okùn, kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀! Ọmọ bíbí inú mi ló ṣe mí báyìí, òun náà lẹ sì gbà sílé tí ẹ ń se oúnjẹ fún. Ẹ ní kí ni? Ẹ sọ ọ́ sókè, ariwo títì yìí ti pọ̀ jù. Tàbí kí ẹ bọ́ sí apá ọ̀tún mi níbí, ibẹ̀ ló dáa.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín. Onígìtá yẹn, obìnrin tó ra gìtá wa tuntun, ló fi ṣeré fún àwọn èèyàn nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ orin lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Ó ta á, ẹ̀gbọ́n mi, ó ta á débi pé kò sẹ́ni tó rántí wúkọ́. Nígbà tó parí, ó ní kí n dìde. Ó ní bàbá yìí ló ṣe é, ó ní òun ti ta gìtá káàkiri, òun ò rí èyí tó ń dá òun lóhùn báyìí rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dìde, mo tún fìlà mi dé, mo tẹrí ba, mo ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ẹ má yínmú sí mi o. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?

Àfi bí Atọpinpin ṣe nà ró! Ẹ mọ̀ ọ́n, èmi àti ẹ̀ la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, ẹni tó jẹ́ pé bó bá bọ̀ yín lọ́wọ́ tán, á tún yẹ àtẹ́lẹwọ́ yín wò. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo inú gìtá náà. Ó yọ dígí kékeré rẹ̀ tó wà lórí wáyà, ó yọ tọ́ọ̀ṣì, ó tì í bọ ihò àárín gìtá, ó ń wo abẹ́ ojú rẹ̀, níbi tí a máa ń lẹ àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé e ró mọ́. Ta ló rán an? Ẹ sọ fún mi, ta ló rán an! Dígí yí lẹ́tà sódì mọ́ ọn lójú, síbẹ̀ kò fi í lẹ̀, ó kà á sókè fún gbogbo ayé gbọ́: «Bàbá mi ló kọ́ mi. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ mi ni, etí mi ni.»

Yéè! Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì.

Àṣà iṣẹ́ wa ni, mi ò ní purọ́ fún yín. Kí a tó lẹ gìtá dé, ẹni tó bá gbẹ́ ojú rẹ̀ á fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í rí i títí ọjọ́ tí gìtá náà bá fọ́. Ọ̀gá wa ló kọ́ wa, èmi náà ni mo kọ́ ọmọ mi. Ìwé pélébé kan wà tí a lẹ̀ sínú, tí gbogbo èèyàn ń rí láti ojú ihò, ti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti pẹ́ńsù, ti ẹni tó ṣiṣẹ́ ni, a kì í purọ́ níbẹ̀. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́! Ṣé mo wá lè sọ fún un pé tèyí, kó má kọ ọ́? Ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Mo rò pé á mọ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ọmọ tó gbọ́n ṣáà ni.

Ẹ ní kí ni èmi sọ? Nígbà wo? Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ Atọpinpin là ń sọ, àgbà tó ń kó dígí sápò kiri bí ọmọge... Ó dáa. Ó dáa, ó ti sọ fún yín, mo rí i lójú yín. Onígìtá bi mí pé, «Bàbá, ṣé òótọ́ ni?» Gbogbo ojú wà lára mi. Mo ní, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o, mo ní ọmọdé ló ń ṣeré, mo ní ilẹ̀ ló máa ń bá mi gbá ní ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀! Ọmọ tó fi oṣù mẹ́rin ṣe gìtá yẹn látòkèdélẹ̀, tí èmi ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án! Ó sì dúró síbẹ̀ o, kò ju ìṣísẹ̀ méjì sí mi lọ, àpótí gìtá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé àpótí náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn, ó sì jáde. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ohun tí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹ̀sín wálé máa ṣe.

Ojú ń tì mí. Mo sọ ọ́ jáde báyìí, ojú ń tì mí, kì í sì í ṣe nítorí gbọ̀ngàn yẹn nìkan. «Etí mi ni» tó kọ síbẹ̀ yẹn, èmi nìkan ló yé. Bí a bá ń fá ojú gìtá, ìka méjì la fi ń di pákó náà mú, a gbé e sún mọ́ etí, a fi oríkèé ìka kàn án. Bó bá ṣì nípọn jù, á dún gbì bí ilẹ̀kùn. A tún fá a díẹ̀, a tún kàn án, títí yóò fi dún gbọnrangandan bí agogo. Bí ẹ bá fá a kọjá ibẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn. Kò sí rúlà tó lè sọ ọ́ fún ni, etí ni. Ọdún méjì rèé, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan lára pákó mọ́. Ti òsì ti di pátápátá, ti ọ̀tún ń tẹ̀ lé e. Màá kàn án, màá dijú, màá mi orí, màá ní, «Ó ti tó.» Ọmọ yìí á dúró níkangun tábìlì, kò ní sọ pé kò tíì tó. Á ní, «Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín nu eruku rẹ̀.» Tí mo bá ti jáde, á mú ìfági, á fá a dé ibi tó yẹ. Mo mọ̀. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Ọdún méjì ló fi bo àṣírí mi, èmi wá dìde láàrin àwùjọ, mo ní ilẹ̀ ló ń gbá.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, mo ti ń rù ú láti Sátidé. Pákó kan wà lórí tábìlì, mo ní kí n dá a ṣe, mo kàn án, mo fá a, mo kàn án, mo fá a, títí mo fi ń rí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé láti ẹ̀yìn rẹ̀, ìka mi bá lu ú já. Pákó tí mo ti ń sá gbẹ láti ogún ọdún! Láàárọ̀ yìí mo lọ bá onígìtá nílé rẹ̀, mo sọ òótọ́ fún un, mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣí ìwé tó ní orúkọ mi kúrò nínú gìtá náà. Òun rèé, ẹ wò ó. Ẹ gbé e fún un ní yàrá, ẹ ní kó wá kọ tirẹ̀. Ẹ sọ fún un pé mi ò wá bẹ̀ ẹ́ o, bàbá kì í bẹ ọmọ...

Ẹ sọ fún un pé mo bẹ̀ ẹ́.

Ẹ ní kí ni? Mi ò gbọ́. Kí lẹ ń nàka sí? Kí ló wà lẹ́yìn mi? Háà! Ìwọ! Ìgbà wo lo ti dúró síbẹ̀? Láti orí ọ̀rọ̀ àga? O wá gbọ́ gbogbo rẹ̀, o ò sì lè wúkọ́ kí bàbá rẹ mọ̀ pé o wà níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló wí? Ó wúkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta! Hà! Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, èmi ń bá ariwo títì jà! Hà-hà-hà! Má rẹ́rìn-ín, ìwọ ọmọ yìí, má... Ó dáa, rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún mi níbí kó o tó rín in, kí n lè gbọ́.