Ṣọ́ọ̀bù Tí Wọn Kì Í Jẹ́ Kí Ènìyàn Jáde Láìrà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Kì í ṣe pé mo mọ ọ̀rọ̀ sọ. Aṣọ ni mò ń rán, ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi mú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá yìí, tí mo bá gbé e pamọ́ sínú, kò ní jẹ́ kí n sùn mọ́.

Àdúrà nítorí àbúrò mi ni mò ń gbà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Rónkẹ́ ni mò ń wí, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ọṣẹ àti mílíìkì lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú, nítorí náà, bí mo bá ń tú àṣírí rẹ̀ níwájú yín, ẹ má rò pé mo kórìíra rẹ̀. Gbogbo yín lẹ mọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, gbogbo yín lẹ sì ń yà fún un. Bí oníbàárà àkọ́kọ́ bá ti wọlé láàárọ̀, Rónkẹ́ á fa géètì irin pa, á fi àgádágodo há a. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé tí kò ra nǹkan kan, ó ti ba ọjà ọjọ́ yẹn jẹ́ nìyẹn. O fẹ́ o, o kọ̀ o, wàá ra nǹkan kí o tó jáde.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, Ìyá Wálé gbé ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ń gbóná wọ ibẹ̀ ní kùtùkùtù, ó ń béèrè glúkóòsì. Kò sí glúkóòsì. Ó yí padà, ó bá géètì ní títì. Owó ọkọ̀ tí ó fẹ́ fi gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn ló fi ra bisikíìtì kí ó tó rí ọ̀nà jáde, ó sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ bá Rónkẹ́ sọ ọ́, ohun tó fi dá mi lóhùn ni pé, "Àǹtí, ẹ fi òwò sílẹ̀ fún oníṣòwò. Ẹ lọ máa rán aṣọ yín." Inú bí mi gidigidi. Mo padà sílé, mo gbààwẹ̀, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ní kí Ọlọ́run fi hàn mí bóyá ọ̀rọ̀ kékeré lèyí, kí n lè gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, mo gbé orí lé àpótí tí mo fi ń jókòó ránṣọ, oorun sì gbé mi lọ.

Ẹnìkan fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo gbójú sókè, mo rí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, mi ò sì rí ojú ibi tí wọ́n ti rán aṣọ náà. Iṣẹ́ mi nìyẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ wò nìyẹn kí n tó rántí pé ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí.

Ó ní, "Débórà, dìde, ká lọ sọ́jà."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mò ń gbààwẹ̀ ni. Mi ò sì gbé owó dání."

Ó ní, "Owó kì í ṣiṣẹ́ níbi tí à ń lọ."

Ibi tí a kọ́kọ́ dé tutù, ó dára, òórùn ibẹ̀ dà bí ti aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká kúrò lóòrùn. Ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kò sì sí èyí tó ní ilẹ̀kùn. Ta ni mo rí níbẹ̀ bí kò ṣe Bàbá Olówùú, bàbá àgbà tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì nílùú wa kí ó tó kú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ó rántí pé bàbá yìí máa ń jẹ́ kí a gbé òwú jáde sínú oòrùn, ká fi wé aṣọ wa. Bí kò bá bá a mu, ká dá a padà, bàbá á ní, "Máa lọ, ọmọ mi, kò burú." Ó jókòó níbẹ̀, ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń fọwọ́ kan ohun tó wù wọ́n, wọ́n ń jáde tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ó rí mi, ó ní, "Débórà, ìgbà wo lo dé?"

Ọkùnrin aláṣọ funfun tó jẹ́ amọ̀nà mi ní, "Kò tíì dé, bàbá. Ó wá wòran ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Àbúrò rẹ ńkọ́, èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù?" Mo ní ó wà dáadáa. Bàbá wo amọ̀nà mi lójú, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́ jókòó tì í, Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n amọ̀nà ti ń lọ, mo sì ní láti tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sísàlẹ̀, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í lù mí lójú. A tún dé ibi tí ṣọ́ọ̀bù pọ̀ sí, ṣùgbọ́n àwọn tibí ní ilẹ̀kùn, wọn ò ní fèrèsé. Nínú ọ̀kan, òùngbẹ ń gbẹ ọkùnrin kan débi tí ètè rẹ̀ fi bó. Omi wà níwájú rẹ̀, kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọ inú ló sì ń fi bu ú. Bó ti ń bu ú tó, kì í tó ohun tó lè dé ọ̀fun. Amọ̀nà ní, "Òun ló lu ìdí kóńgò náà fúnra rẹ̀. Ìrẹsì ló ń fi wọ̀n nígbà náà."

Nínú èkejì, obìnrin kan ń rìn yípo. Ẹnìkan tí mi ò rí ojú rẹ̀ ń rìn lẹ́yìn rẹ̀, ó súnmọ́ ọn tó fi ń mí sí i lọ́rùn. Bí obìnrin náà bá dúró, onítọ̀hún á ní, "Kí lo mú?" Òun á ní, "Mi ò mú nǹkan kan." Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Mo mọ obìnrin yìí. Mo ti ra síìpù lọ́wọ́ rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe tẹ̀ lé èmi náà kiri bí ẹni pé olè ni mí. Kí n má parọ́ níwájú pẹpẹ, inú mi kọ́kọ́ dùn díẹ̀. Amọ̀nà mi yíjú wò mí, ìdùnnú náà sì pòórá.

Lẹ́yìn náà, a dé iwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí géètì irin rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Amọ̀nà dúró. Ó ní, "Èmi kò ní wọlé. Ìwọ lo béèrè láti mọ̀."

Mo gbé ẹsẹ̀ wọlé. Mo gbọ́ ìró irin lẹ́yìn mi, mo yí padà, géètì ti pa, àgádágodo ti wà lára rẹ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nínú ilé náà ni, ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ti ìdájí, àwọn ènìyàn sì wà lẹ́yìn tábìlì, ọkùnrin, obìnrin, wọ́n tò lọ títí tí mi ò fi rí òpin wọn, gbogbo wọn sì dojú kọ mí. Wọ́n ní, "Ìwọ ni àkọ́kọ́. Ra nǹkan." Mo ní mi ò lówó lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ra nǹkan." Mo gbé agolo kan, òfìfo ni, mo gbé òmíràn, òfìfo ni, mo sáré padà síbi géètì, mo mì í, kò mì, àwọn ènìyàn náà ń na ọwọ́ sí mi, tábìlì ń sún mọ́ mi, ògiri ń sún mọ́ mi, èémí mi ò jálẹ̀ mọ́, mo ké pe amọ̀nà mi pé kó gbà mí.

Ó wà lódìkejì irin náà, ó dúró jẹ́ẹ́. Ó ní, "Ọjọ́ wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti débí. Ọjà kọ́ ló ń ṣí géètì yìí. Kí ẹnì kan péré nínú wọn sọ fún ọ pé, 'Máa lọ, kò burú,' yóò ṣí fún ìwọ àti gbogbo wọn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Mo bẹ àgbà, mo bẹ ọ̀dọ́. Ìyá arúgbó kan gbìyànjú. Mo rí i tí òógùn bò ó, tí iṣan ọrùn rẹ̀ le. Ó ní, "Máa… máa… máa ra nǹkan." Ó bú sẹ́kún. Àwọn tó kù náà ń sunkún, wọ́n fẹ́ sọ ọ́, ẹnu wọn ò gbé e.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àga kan tó ṣófo láàárín wọn. Tìmùtìmù wà lórí rẹ̀, tí wọ́n fi àgékù ànkárá rán. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni mo rí níbẹ̀. Èmi ni mo rán tìmùtìmù náà fún Rónkẹ́ lọ́dún tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé ìdí ń dùn ún lórí pákó. Mo ní, "Ta ló ni àga yìí?" Ìyá arúgbó náà ní, "Ẹni tó ni ín kò tíì dé." Mi ò mọ igbe tí mo ké. Mo kàn mọ̀ pé amọ̀nà na ọwọ́ gba àárín irin kọjá, ó dì mí mú, ó ní, "Ó ṣì wà láàyè. Lọ sọ fún un." Mo jí, ojú mi wà lórí àpótí, aṣọ mi rin fún òógùn, oòrùn ọ̀sán sì ṣì wà lójú fèrèsé.

Láàárọ̀ àná, mo rí i dájú pé èmi ni mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Rónkẹ́. Ó kí mi, ó kúnlẹ̀, ó sì fa géètì pa lẹ́yìn mi, ó ti mọ́ ọn lára. Mo rò gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi dé orí tìmùtìmù, ó dìde kúrò lórí rẹ̀ bí ẹni tí iná jó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mo ní, "Rónkẹ́, mi ò ra nǹkan kan. Sọ ọ́ fún mi, kí n máa lọ."

Ó ní, "Àǹtí, ẹ kàn ra ìṣáná kan."

"Mi ò ra ìṣáná."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n fún yín lówó rẹ̀, kí ẹ fi rà á lọ́wọ́ mi. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

Mo jókòó sórí páálí mílíìkì. Àwọn oníbàárà wá síta, wọ́n wò wá láàárín irin, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó pẹ́ gan-an. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé, ó tún là á. Nígbà tó yá, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣí géètì, kò wo ojú mi, kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà. Mo jáde. Mi ò tíì kọjá ilé kejì tí mo fi gbóòórùn páálí tó ń jó. Mo wẹ̀yìn. Àbúrò mi ló fi iná sí páálí, tó ń fi èéfín rẹ̀ fẹ́ ọjà, bí a ṣe máa ń ṣe láti lé oríburúkú ẹni tí kò ra nǹkan jáde. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì dúró, ó ń fẹ́ ẹ lọ. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà ni oríburúkú náà. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà nínú wa, ìkìlọ̀ ni mo ṣe yìí. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn kúrò lọ́dọ̀ yín lálàáfíà nígbà tí ẹnu yín ṣì lè sọ ọ́. Ẹ̀yin yòókù, mo mọ ìdí tí ẹ fi ń yà fún ṣọ́ọ̀bù Rónkẹ́, mi ò sì bá yín jà. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹnì kan nínú yín kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Kí ó má ra nǹkan kan. Bí Rónkẹ́ bá ti géètì, kí onítọ̀hún jókòó tì í, kí ó ní sùúrù fún un títí yóò fi rí 'Máa lọ, kò burú' sọ. Bí kò bá rí i sọ lọ́la, kí ẹlòmíràn lọ lọ́túnla. Ẹ má jẹ́ kí ó rẹ̀ yín. Àga yẹn ṣì ṣófo.