Pọ́ọ̀tù Ni, Kì Í Ṣe Ilẹ̀kùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n jókòó. Bí mo bá jókòó, màá dìde. Bí mo bá dìde, n kò mọ ibi tí mò ń lọ. Mo ń sọ ọ́ lónìí nítorí ohun tí ojú mi rí láàárọ̀ àná.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Ifangni níbí. Lọ́dún tó kọjá, dókítà tó ni kílíníìkì kan pè mí. Àjàṣẹ́ ló ń gbé, ó sì fẹ́ máa ka fáìlì àwọn aláìsàn láti ilé rẹ̀. Mo ní kò le. Kílíníìkì náà ní pare-feu, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì wọn. Mo ṣe NAT statique sí i. Ìyẹn ni pé mo fún kọ̀ǹpútà tí fáìlì wà nínú rẹ̀ ní àdírẹ́sì kan níta, tí kì í yí padà, kí ẹni tó bá pè é lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tààrà.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní èèwọ̀. Ojú ihò kan ṣoṣo ni èèyàn gbọ́dọ̀ ṣí fún àlejò. Port ni Faransé ń pè é, pọ́ọ̀tù lẹ́nu tiwa. Mo ṣí ọ̀kan, kò ṣiṣẹ́. Mo tún un ṣe, ó kọ̀. Dókítà ń pè mí ṣáá lórí fóònù, inú ń bí i. Ni mo bá ṣí gbogbo pọ́ọ̀tù tó wà níbẹ̀, mo ní kí n kàn fi dán an wò. Ó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Dókítà yìn mí, orí mi wú. Oníbàárà mìíràn ń dúró dè mí ní Igolo, mo gun alùpùpù sẹ́mì lọ. Mo ní màá padà wá tì wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, n kò padà.

Àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a kò mọ̀ gba ibẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n ti gbogbo fáìlì pa, kò sẹ́ni tó lè ṣí wọn mọ́. Dókítà sáré wá láti Àjàṣẹ́, ó pe ọkùnrin kan ní Kútọnu tó mọ iṣẹ́ náà. Ìyẹn sọ fún un lórí fóònù pé pọ́ọ̀tù ni wọ́n fi sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Lẹ́nu wa níbí, port àti porte, tó túmọ̀ sí ilẹ̀kùn, pọ́ọ̀tù ni méjèèjì. Ilẹ̀kùn ni dókítà gbọ́. Ó yíjú sí Tàǹtí Felísí, akọ̀wé wọn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà wà.

"Tàǹtí, ẹ̀yin lẹ fi pọ́ọ̀tù sílẹ̀?"

"Dókítà, mo tì í. Vraiment, ọwọ́ mi yìí ni mo fi tì í."

"Donc ta ló ṣí i? Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

Mo wà níbẹ̀, wọ́n ti pè mí wá wo kọ̀ǹpútà náà. Gbólóhùn kan péré ì bá tó. Bàtà mi ni mò ń wò. Ẹ̀rù bà mí pé kò sẹ́ni tó máa gbé iṣẹ́ fún mi mọ́ láti Ifangni dé Banigbé. Wọ́n ní kí Tàǹtí máa lọ sílé. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbọ́, wọ́n rọra gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìsìn lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Èmi kò tilẹ̀ parọ́. Mo kàn dákẹ́ ni, ojú sì ń tì mí.

Mo rò pé Tàǹtí yóò máa bínú. Ì bá sàn. Àmọ́ ó ti gbà. Ó sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ó jọ pé mo gbàgbé ni. Àgbà ti ń dé."

Láàárọ̀ àná, sẹ́mì ń gbé e lọ sóko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Kò tíì jìnnà tó fi ní kí wọ́n yí padà, kí òun lọ wo ilẹ̀kùn ilé òun. Ó lọ, ó tún padà. Onísẹ́mì ń kùn. Bó ṣe rí mi tí mò ń kọjá, ó bẹ̀ mí.

"Ọmọ mi, tí mo bá ti lọ, bá mi di ilẹ̀kùn yìí mú wò. Mi ò gba ara mi gbọ́ mọ́."

Mo dì í mú. Ó wà ní títì gbọingbọin.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé dókítà ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, àbí Tàǹtí? Bóyá wọ́n á dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ọkàn rẹ̀ padà? Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí láti sọ ọ́, ẹnu mi kọ̀. Ó rò pé ilẹ̀kùn ni mo tún wá bá òun wò, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.