Ọ̀rá Àgùntàn Nínú Ọwọ́ Jíà

Ìyáàfin Direen, alága wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbé kọ́kọ́rọ́ àgọ́ yẹn lé mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí mo kọ yìí ná. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé akólòlò ni mí, pé ojú sì máa ń tì mí láwùjọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Òtítọ́ ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Bí n kò bá hú u jáde lónìí, yóò pa mí.

Ẹ̀yin ará gbọ̀ngàn yìí ní kí èmi, Wren, máa tọ́jú àgọ́ tí a ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́yìnkùlé, nítorí pé ojú Bàbá Clarrie Pybus tó ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di bàìbàì. Ẹ ní òun ló tún ọwọ́ jíà, irin tí a fi ń yí jíà kẹ̀kẹ́ Tegan, ṣe tí kò dúró, tí ọmọ ọlọ́mọ fi ṣubú lójú òkè. Irọ́ ni. Bàbá Clarrie kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọwọ́ jíà yẹn kí Tegan tó ṣubú. Èmi ni.

Nídìí tábìlì ilé ìdáná ni màmá mi àgbà ti kọ́ mi ní ìwé. N kò jókòó ní kíláàsì rí. Àgọ́ yẹn ni ilé ìwé mi kejì. Orí àpótí ápù ni mo máa ń jókòó sí, tí àwọn àgbà á máa mu tíì, tí wọ́n á máa bú ara wọn. Ẹ mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ àtijọ́ nìkan la fi ń gun òkè lọ́jọ́ àjọ̀dún ápù, èyí tí ọwọ́ jíà rẹ̀ kì í dún kọ́, tó jẹ́ pé ibi tí o bá fà á sí ló gbọ́dọ̀ dúró sí. Bàbá Clarrie á ní, "Wren, bí jíà bá ń yọ̀, má sáré dá ọwọ́ rẹ̀ lẹ́bi. Wo wáyà ná, bóyá ó ti ń já. Fún ìdè rẹ̀ le díẹ̀. Bó bá ṣì ń yọ̀, tú u, kí o fi kẹrosíìnì nu àwọn wọ́ṣà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ kí wọ́n gbẹ táútáú. Èyí tó bá ti jẹ tán, pààrọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n gírísì? Èèwọ̀! Ohun tó ń yí ló ń jẹ gírísì. Ohun tó ń dìmú kì í jẹ ẹ́."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bàbá Alf, á ní, "Abájọ tó ò fi ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì ẹ!"

"Òpònú, ṣé búrẹ́dì mi ń gun òkè ni?"

Àárín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́. Ẹ wo ohun tí mo fi í ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún, Tegan fi mí ṣẹ̀sín ní etí odò níbi tí mo ti ń ta tíì. "Wr-Wr-Wren, ṣé t-t-tíì ni àbí k-k-kọfí?" Gbogbo ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi yẹn ló rí mi lára jù.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá. Bàbá Clarrie ti lọ jẹun nílé. "Jíà mi ń yọ̀, jọ̀ọ́. Sọ fún Bàbá. Mò ń bọ̀ wá mú un." Mo tú u, mo nù ún, mo dè é. Ó dúró gbọn-in. Ká ní mo fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀! Ṣùgbọ́n agolo ọ̀rá àgùntàn tí Bàbá fi ń dín búrẹ́dì wà lórí sítóòfù, èyí tó ti kan, tí eṣinṣin kú sí. Mo tún un tú. Mo fi ìka wa ọ̀rá náà, mo fi pa wọ́ṣà kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé gírísì dúdú á hàn síta. Mo mọ̀ pé nínú òtútù, ọ̀rá á le bí oje igi, ọwọ́ jíà á sì dúró bí wọ́n bá dán an wò, pé ìgbà tí oòrùn bá pa á lójú òkè ni yóò tó yọ́. Ìmọ̀ tí àgbàlagbà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo fi ṣe ìkà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo ṣe é, bí ẹni tó ń kun àkàrà òyìnbó ní súgà. Ẹ tutọ́ sí mi lára, mo yẹ fún un.

Tegan dé, ó fa ọwọ́ jíà, ó dúró. "Bàbá ló ṣe é?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Bá mi kí wọn o." Ó yí padà lẹ́nu ọ̀nà. "Wren, jọ̀wọ́ má bínú nítorí àná. Ẹnu mi ló máa ń sáré jù mí lọ." Ó dì mọ́ mi. Ọ̀rá wà ní ìka mi lẹ́yìn rẹ̀. Mo jẹ́ kó gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ.

Gbogbo yín lẹ rí ìyókù níbi ìdíje gígun òkè lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ní kọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló wà níwájú, ó dìde dúró lórí pẹ́dà, jíà yọ̀, ṣéènì fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ já sófo, ó fi ẹnu lu títì ọlọ́dà. Eyín méjì yọ, egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Bàbá Clarrie kúnlẹ̀ ti kẹ̀kẹ́, ó tú ọwọ́ jíà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó wò mí. Ó nu ìka sí ṣòkòtò ara rẹ̀, ó ní, "Èmi ni. Ojú mi ló ṣì mí lọ́nà."

Ibi tó burú jù kò tíì dé. Ìyáàfin Direen, ẹ̀yin náà kọjú sí mi: "Wren, ṣé lóòótọ́ ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, òun ló ṣe é." N kò kólòlò rárá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, irọ́ yẹn nìkan ló yọ̀ jáde lẹ́nu mi wọ̀ọ̀, bí ohun tí a fi ọ̀rá pa.

Tegan, eyín tí mo gbà lẹ́nu rẹ, n kò lè dá a padà. Dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bàbá Clarrie tó jókòó nídìí ilẹ̀kùn, ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́ yín. Ẹ̀yin èwe, bí àgbà bá fi iṣẹ́ lé yín lọ́wọ́, ẹ má fi ìbínú pò ó.

Ẹ sì ti ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń há mi lẹ́nu láti ìgbà tí mo ti ń kà á. Ẹ má ṣàánú mi. Ẹnu mi ti gbẹ. Ohun tó gbẹ ló ń dìmú.