Òróró Tí Mo Dà Sí Ẹ̀rọ CNC Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fọpẹ́ fún Ọlọ́run ná o, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ lè gbàgbé ọpẹ́. Ọba tó gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ ìparun, tó tún gbà mí lọ́wọ́ ara mi, tìẹ ni gbogbo ògo!

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí, èmi ni Bàbá Tósìn, gbẹ́nàgbẹ́nà ọ̀nà Ìjù. Òdòdó ni mo máa ń gbẹ́ sára ilẹ̀kùn. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti fi ọwọ́ yìí ṣe é, látìgbà tí mo ti kúrò l'Ọ̀ṣun wá sí Ọ̀tà. Àfi lọ́dún tó kọjá tí àìsàn kan dá mi wó. Ọlọ́run gbé mi dìde, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ wò ó bó ṣe ń gbọ̀n báyìí. Dókítà ní kò lè di irin ìgbẹ́nà mú dáadáa mọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ò lè di irin mú, kí ló kù? Ìyá Tósìn ní ká palẹ̀ mọ́, ká padà sílé lọ dáko. Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Àgbà ọkùnrin bíi tèmi!

Mo ti rí ẹ̀rọ kan rí ní fákítọ̀rì tí mo ti lọ ṣe ilẹ̀kùn fún wọn. CNC ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ya àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á máa darí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì gbẹ́ ẹ sára pákó bí wọ́n ṣe yà á, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọkàn mi sọ fún mi pé, ìwọ náà lọ ṣe tìẹ.

Kí ni mo ní? Dírìlì kan, ayùn irin, sípánà àti rúlà. Mo lọ tú mọ́tọ̀ kéékèèké mẹ́ta lára àwọn pirintà tó ti kú ní Sango. Mo fi pákó ṣe férémù. Irin tó ń jẹ́ kí dúróọ̀ yọ̀ wọlé yọ̀ jáde ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ fún un. Mo wá ra irin gbọọrọ onísíkúrúù. Tí mọ́tọ̀ bá ń yí i, á máa ti ẹ̀rọ síwá sẹ́yìn. Mi ò rí ohun tí màá fi so mọ́tọ̀ mọ́ irin yẹn, ni mo bá gé róbà tí epo ń gbà lára jẹnẹrétọ̀. Mo ki mọ́tọ̀ bọ ẹnu kan, mo ki irin bọ ẹnu kejì, mo fi kílíìpù dè é. Oṣù mẹ́rin gbáko! Tósìn ọmọbìnrin mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yàwòrán lórí láptọ́ọ̀pù. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ gbẹ́ òdòdó àkọ́kọ́, Ìyá Tósìn jó dé títì.

Kò pẹ́ tí kọ́sítọ́mà kan fi gbé ilẹ̀kùn mẹ́fà fún mi. Mo ní tí eléyìí bá yọrí, a ò lọ sílé mọ́. Tí ò bá yọrí, oko yá.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé a kì í gbé nǹkan tuntun jáde láìfi òróró yà á sí mímọ́? Mo gbé ìgò òróró àdúrà mi. Mo fi kan férémù, mo fi kan mọ́tọ̀. Nígbà tí mo dé ibi róbà yẹn, mo ní, háà, ibí gan-an ni agbára ń gbà kọjá, ẹ jẹ́ kí n dà á dáadáa! Mo dà á títí tó fi ń kán sílẹ̀.

Mo gbé ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ sórí ẹ̀rọ. Òdòdó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó dé àárín, ló bá wọ́. Jésù! Mo gbàdúrà, mo tún da òróró sí i. Ìkejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo tún dà á. Ẹ̀yin ará, ìkẹta ò jọ òdòdó mọ́, àfi bí ibi tí adìyẹ ti ha ilẹ̀.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀tá. Mo ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Alhaji Mùfú tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tèmi, tó ń tún mọ́tọ̀ iná tó jó ṣe, òun ni! Ṣé òun kọ́ ló wá wo ẹ̀rọ lọ́jọ́ kìíní, tó mi orí, tó ní, "Bàbá Tósìn, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe yìí o"? Mo ní ẹnu yẹn ló fi bà á jẹ́. Tó bá kí mi, mi ò ní dáhùn. Ó gbé omi tútù wá fún mi lọ́jọ́ kan, mo dà á nù lójú rẹ̀. Èmi ọmọ Ọlọ́run! Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń yan ọkùnrin yẹn lódì.

Nígbà tó yá, Ìyá Tósìn bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dán pákó jákujàku kan wò, mo kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀ pákó ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní, "Olúwa, fi ọ̀tá yìí hàn mí lónìí, ẹni yòówù kó jẹ́." Mi ò tíì dìde tán tí ẹnìkan yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Alhaji ni! Mo ní, ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe yára dáhùn.

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lọ síbi ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí. Ó ní mọ́tọ̀ ń yí, irin ò bá a yí. Ó fọwọ́ kan róbà, ó gbóòórùn ìka rẹ̀. "Bàbá Tósìn, ta ló da òróró síbí? Mọ́tọ̀ kàn ń yọ̀ nínú róbà ni."

Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì. Mo ní èmi ni. A tú u, a fomi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a nù ún gbẹ, a ki róbà tuntun bọ̀ ọ́, Alhaji sì dè é le. Òdòdó bẹ̀rẹ̀, ó dé àárín, ó kọjá àárín, ó parí! Háà, ara tù mí! Mo jókòó sílẹ̀, omijé ń bọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji, mo jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mo rò sí i. Ó fà mí dìde. Ó ní òun mọ̀ pé mò ń bínú, òun ò kàn mọ ohun tí òun ṣe ni. Ó ní ohun tó gbé òun wá lọ́jọ́ yẹn gan-an nìyẹn, òun wá bẹ̀ mí ni. Ẹ̀yin ará, ó wá bẹ̀ mí lórí ohun tí kò ṣe!

Mo fi pákó tuntun ṣe mẹ́ta míì dípò èyí tó bàjẹ́, ilẹ̀kùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ti wà nílé ẹni tó ni wọ́n, iṣẹ́ míì sì ti wọlé. Ìyá Tósìn ti tú ẹrù. A ò lọ sóko mọ́! Mo ní kí Ọlọ́run fi ọ̀tá hàn mí, ó sì fi hàn mí: èmi ni, tèmi ti ìgò òróró lọ́wọ́. Orí mi gan-an ló yẹ kí n dà á sí. Ó yá, ẹ dìde, ẹ bá mi jó, Ọlọ́run ti ṣe é!