Ojú Ìwé Pupa Tí Ẹ̀njiníà Ní Ká Má Bẹ̀rù

"Ẹ jókòó dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, tí mo bá tún gbé e mì lónìí, òun ló máa pa mí, kì í ṣe àìsàn ọkàn." Báyìí ni Ẹ̀njiníà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngán ilé ìwòsàn aláboyún tó ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ síbẹ̀, á kọ́ wọn bí wọn ò ṣe ní jẹ́ kí olè gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ibi iṣẹ́ abẹ ọkàn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé, ó ti rù débi pé bẹ́líìtì ló ń bá a di ṣòkòtò mú. Ní ìlà iwájú, ìyá àgbà kan gbé báàgì lé itan. Ìyá Fáìlì ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn níbẹ̀, kí wọ́n tó lé e lọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pé òun ló ṣílẹ̀kùn fún olè. Ẹ̀njiníà fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ kó wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ara wọn, torí ọdọọdún ni ọkùnrin yìí máa ń sọ pé, "Ẹ má ṣe bí Ìyá Fáìlì o," tí gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó fẹ́ fi í ṣẹ̀sín níṣojú rẹ̀ ni.

"Ẹ mọ ìjà èmi àti àwọn Onífèrèsé," ó ní. Orúkọ tó sọ ilé-iṣẹ́ ńlá tó ni bùráúsà nìyẹn, ìyẹn ohun tí gbogbo wọn fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, torí kò sí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ máa rà tí tiwọn ò ti jókòó sínú rẹ̀ dè yín. Wọ́n ti sú u tipẹ́. Àwọn ló ní kí ojúlé kọ̀ọ̀kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ìwé ẹ̀rí pé òun kọ́ ni olè. Èyí tí ò bá ní in, wọ́n á na ojú ìwé pupa tó ń kìlọ̀ olè bo ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n wọ́n wá ń gé ọjọ́ orí ìwé náà kúrú, láti ọdún mẹ́ta sí ọdún kan, láti ọdún kan sí oṣù mẹ́ta, wọn ò sì bi ẹnì kankan. Ẹ̀njiníà kọ̀wé sí wọn nígbà méje. Ẹ̀rọ ló ń dá a lóhùn nígbà méjèèje: "A dúpẹ́ pé ẹ kàn sí wa. Èrò yín ṣe pàtàkì sí wa." Ó ní, "Inú mi ru. Mo ní ta ló fi wọ́n jọba? Mo bá kọ̀, n ò tún ìwé ẹ̀rí ojúlé tí gbogbo yín ń gbà dé ibi fáìlì ṣe mọ́. Ẹ sì gbọ́ o, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ọ̀lẹ ni mí, mo wá fi ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹni ńlá bo ìwà ọ̀lẹ mi mọ́lẹ̀."

Láti ìgbà yẹn, àràárọ̀ ni pupa ń yọ lórí kọ̀ǹpútà gbogbo. Ìpè àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀, ó sú u, ó bá tẹ bébà mọ́ ara kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan: "Tí ojú ìwé pupa bá yọ, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ wọlé." Ọ̀gá àgbà nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń pè ní Méètírọ̀n, tiẹ̀ yìn ín. Láàárín oṣù kan, kò sẹ́ni tí pupa ń dẹ́rù bà mọ́.

Ohùn Ẹ̀njiníà lọ sílẹ̀ níbi tó dé yìí. "Láàárọ̀ ọjọ́ tí olè wọlé, Ìyá pè mí. Wọ́n ní, 'Ẹ̀njiníà, inú ìméèlì kan ni pupa tòní ti yọ, kì í ṣe ibi tó máa ń ti yọ. Wá bá mi wò ó.' Búrẹ́dì wà lẹ́nu mi. N ò dìde. Mo ní, 'Ìyá, ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù.' Wọ́n gbọ́ tèmi, wọ́n kọ páásíwọ́ọ̀dù wọn síbẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, olè ti ti gbogbo fáìlì pa, àṣírí àwọn ìyá ọlọ́mọ ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ aráyé. Kí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ wádìí ọ̀rọ̀ náà tó dé, mo ti ká gbogbo bébà yẹn kúrò. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Méètírọ̀n bi mí níwájú Ìyá pé, 'Ṣé ó bi ọ́ kó tó tẹ̀ ẹ́?' Mo ní rárá. Mo ní mo kọ́ wọn títí, wọn ò gbọ́. Ìyá wò mí, wọ́n ní, 'Ẹ̀njiníà, èmi rèé o.' Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n lọ."

Ó ní orí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lojú òun ti là. Ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọn láyà ké, nọ́ọ̀sì sáré dé. Wáyà ló yọ. Ó tún ké, nọ́ọ̀sì tún sáré. Wáyà náà ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkàn rẹ̀ ló fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì sì tún sáré dé, ó gbà á là. "Tó bá jẹ́ èmi ni nọ́ọ̀sì yẹn, bébà ni ǹ bá ti tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà lára, ẹ̀ bá sì ti sin mí." Ó kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Fáìlì, ó ń sunkún. "Ẹ foríjì mí, Ìyá. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún olè."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Ti Ẹ̀njiníà ò tiẹ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ. Ìyá Fáìlì nu ojú. "Dìde, kí ojú abẹ má lọ ṣí. Òkú kọ́ ni mo wá gbé. Mo foríjì ọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ àga mi." Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, ni gbogbo gbọ̀ngán bá gbà á. Méètírọ̀n bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ó sì kọ lẹ́tà ìpadàsẹ́nu-iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìdúró. Ó gba ẹ̀kọ́ ọdọọdún lọ́wọ́ Ẹ̀njiníà, ó gbé e fún Ìyá. Ẹ̀njiníà alára tún ìwé ẹ̀rí wọn ṣe, ó yọ bùráúsà àwọn Onífèrèsé kúrò, ó fi ti ilé-iṣẹ́ kékeré kan rọ́pò, ṣùgbọ́n ó rí i pé tìyẹn náà ní ojú ìwé pupa. Ó ní nínú gbogbo ohun tóun bá wọn jà lé, pupa yẹn nìkan ni wọ́n jàre.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, olè tún dé pẹ̀lú ìméèlì. Pupa yọ lórí kọ̀ǹpútà Ìyá Fáìlì. Ó ní, "Ẹ gbọ́wọ́ kúrò," gbogbo ọwọ́ sì kúrò lórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀njiníà sáré wọlé láìwọ bàtà, ó wò ó, ó ní olè ni lóòótọ́, ó sì ti ọ̀nà mọ́ olè náà. Fáìlì kan ò lọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kọ̀wé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sáwọn Onífèrèsé pàápàá, kí olè náà má bàa dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Ìdáhùn dé lójú ẹsẹ̀: "A dúpẹ́ pé ẹ kàn sí wa." Gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Méètírọ̀n.

Títí dòní, òṣìṣẹ́ tuntun tó bá dé, Ìyá Fáìlì lá kọ́kọ́ pè é jókòó. Á ní, "Ọmọ mi, tó bá pọ́n, gbọ́wọ́ kúrò, kó o pe Ẹ̀njiníà. Tí Ẹ̀njiníà bá ní kó o wọlé, pè mí."